Àpótí Fọ́tò Bàbá Àgbà: Kí La Ó Kọ́kọ́ Ṣe sí I?

Ìbéèrè láti Ìlẹ́ṣà: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Fọ́tò ni bàbá bàbá mi yà jẹun nílùú wa, láti ìgbà ogun Hitler títí ojú wọn fi ṣú. Nígbà tí a fẹ́ pààrọ̀ páànù ilé ni a gbé àpótí wọn jáde: gíláàsì tí wọ́n fi ìwé ìròyìn wé, nẹ́gátíìfù nínú agolo sìgá, fọ́tò nínú fírémù, àti álíbọ́ọ̀mù méjì. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní ká lọ láminéètì gbogbo rẹ̀. Ọmọ àbúrò bàbá mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní ká kó o sórí Facebook. Olórí ẹbí ní ká gbé e fún yunifásítì. Ta ni ká gbọ́ tirẹ̀? Ṣé a sì lè gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀dà?"

Ìdáhùn:

Ẹ kú ìtọ́jú ilé o, ọmọ Ọ̀wá. Ẹ bá mi sọ fún ẹ̀gbọ́n yín lónìí, kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́, pé kí wọ́n má gbé ẹyọ kan lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń láminéètì. Iná ni ẹ̀rọ yẹn fi ń yọ́ gọ́ọ̀mù ara ike mọ́ fọ́tò. Ojú fọ́tò àtijọ́ kì í ṣe bébà lásán. Jẹ́látì ló wà níbẹ̀, ohun tí wọ́n ń sè jáde lára egungun àti awọ ẹran, inú jẹ́látì yìí sì ni fàdákà wíńwíń tó di àwòrán wà. Bí gọ́ọ̀mù gbígbóná bá ti mú un, kò sí onímọ̀ tó lè bó o kúrò láìbó ojú ẹni tó wà níbẹ̀ mọ́ ọn. Mo rí fọ́tò ìgbéyàwó kan ní Ifẹ̀ níbí tí wọ́n láminéètì nítorí pé eteetí rẹ̀ ti ń ya. Ike náà ti pọ́n báyìí, ọ̀rinrin tó há sábẹ́ rẹ̀ sì ti mú kí ojú ìyàwó bu. Sẹ́lótéèpù náà, ọmọ ìyá kan náà ni òun àti láminéètì. Fọ́tò tó bá ti ya, ẹ kó àwọn ègé rẹ̀ sínú àpòòwé kan ṣoṣo, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní ti àwọn méjì yòókù, Facebook àti yunifásítì, kò sí èyí tó burú nínú wọn, àmọ́ àwọn méjèèjì ti fo ohun tó yẹ kó ṣáájú. Orúkọ ló yẹ kó ṣáájú. Bí ẹ bá gbé àpótí yẹn síbi tó gbẹ, fọ́tò inú rẹ̀ lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún sí i. Ìyá àgbà tó mọ ọkùnrin tó dúró lápá òsì nínú fọ́tò náà ńkọ́? Ẹni ọgọ́rùn-ún ọdún ó dín díẹ̀ ni wọ́n, wọn ò sì ní dúró dè wá títí a ó fi ra scanner, ẹ̀rọ tó ń da fọ́tò sínú kọ̀ǹpútà.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí fọ́tò Ifẹ̀. Leo Frobenius, olùwádìí ará Jámánì, dé síbí ní 1910. William Bascom, olùwádìí bíi tirẹ̀, wá láti Amẹ́ríkà ní 1937. Pierre Verger, onífọ́tò ọmọ Faransé tó di babaláwo tí wọ́n sì sọ ní Fátúmbí, ya fọ́tò káàkiri ilẹ̀ Yorùbá fún ọ̀pọ̀ ọdún. Iṣẹ́ Frobenius wà ní Frankfurt, ti Verger wà ní Salvador ní Bàhíà, lórílẹ̀-èdè Brazil, àwọn tó ń tọ́jú wọn sì ń tọ́jú wọn dáadáa, mi ò fi ìyẹn du wọ́n. Ṣùgbọ́n nínú fọ́tò tí àwọn àlejò yà láyé ìjọba òyìnbó, ẹ ó rí ọ̀pọ̀ tó jẹ́ pé orúkọ ìlú tàbí ojúbọ nìkan ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó dúró síwájú kámẹ́rà, wọn ò bèèrè orúkọ rẹ̀. Onífọ́tò ìlú kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn èèyàn ló fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn wá bá a, wọ́n sanwó, wọ́n padà wá gba fọ́tò wọn. Bàbá yín mọ ọmọ ẹni tó jókòó, ó sì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe lọ́jọ́ náà. Ìdí nìyí tí àpótí yín fi ṣọ̀wọ́n, kì í ṣe pé ó ti gbó nìkan.

Àní orúkọ ẹni tó ya fọ́tò náà lè sọnù. Jonathan Adagogo Green, ọmọ Bonny, tí wọ́n bí ní 1873 tó sì kú ní 1905, "J. A. Green" ló ń kọ sára iṣẹ́ rẹ̀. Ó pẹ́ gan-an tí àwọn tó ń rí iṣẹ́ náà lókè òkun fi rò pé òyìnbó ni. Nítorí náà, ẹ yí ẹ̀yìn gbogbo fọ́tò yín wò. Bí òǹtẹ̀ bàbá yín bá wà níbẹ̀, ẹ ya òǹtẹ̀ náà pẹ̀lú. Bí wọ́n bá ti pààrọ̀ òǹtẹ̀ tàbí àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù rí, ẹ ó lè fi mọ fọ́tò tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀lé e.

Báwo lẹ ó ṣe gba orúkọ? Ẹ má gbé ojúlówó káàkiri ilé àwọn àgbà. Ẹ fi fóònù ya gbogbo fọ́tò náà ní kíákíá, kò ní láti dára púpọ̀, kí ẹ sì lọ tẹ̀ wọ́n jáde gbàgàdà sórí bébà A4 ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà, nítorí ojú àgbà. Kí ẹ tó yà wọ́n, ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Pẹ́ńsùlù rírọ̀, irú 2B, ni kí ẹ fi kọ nọ́ńbà sẹ́yìn fọ́tò, létí, láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Báírò máa ń là kọjá sójú fọ́tò, tàbí kó kùn mọ́ fọ́tò tó wà lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ jókòó ti àwọn àgbà, ẹ tan rẹ́kọ́dà fóònù yín sílẹ̀ tí wọ́n bá gbà, ẹ sì jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ bó ṣe wù wọ́n. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: ẹ̀yin lẹ ní fóònù, àwọn ló ni ìtàn.

Ẹ má bèèrè "Ta nìyí?" nìkan. Àgbà lè gbàgbé ojú kó má gbàgbé aṣọ. Ẹ bi wọ́n pé aṣọ ẹgbẹ́ wo nìyí, òkú ta ni wọ́n ń ṣe, iwájú ilé ta nìyí, ṣé ilé náà ṣì wà. Bí ẹ bá rí bàbá kan tó jókòó ti òkìtì aṣọ, ẹ má yára kọ ọ́ pé Ìlẹ́ṣà ni. Òṣómàáló ni ọ̀pọ̀ bàbá Ìjẹ̀ṣà, ìlú ìlú ni wọ́n ń lọ tàwìn aṣọ, ó sì lè jẹ́ ìdálẹ̀ ni wọ́n ti ya fọ́tò náà, kí wọ́n tó mú un bọ̀ wálé. Bí àgbà méjì bá sọ ohun tí kò bá ara mu, ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó sọ ọ́ àti ọjọ́ tó sọ ọ́. Kì í ṣe ẹ̀yin lẹ ó dá ẹjọ́ yẹn.

Ìkan wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún. Stephen Sprague, onífọ́tò ará Amẹ́ríkà kan, wá wo iṣẹ́ àwọn onífọ́tò ní Ìlá Ọ̀ràngún ní 1975. Ohun tó rí níbẹ̀ ni pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá ti kú kí wọ́n tó ya fọ́tò wọn pọ̀, onífọ́tò yóò ya èyí tó kù lẹ́ẹ̀mejì, yóò sì tẹ̀ ẹ́ sórí bébà kan náà bíi pé àwọn méjèèjì jókòó ti ara wọn. Bó bá ṣe pé ọkùnrin kan, obìnrin kan ni wọ́n bí, wọ́n á wọ aṣọ ọkùnrin fún ọmọ náà, wọ́n á yà á, wọ́n á tún wọ aṣọ obìnrin fún un, wọ́n á yà á lẹ́ẹ̀kejì. Ìlá kò jìnnà sí yín. Bí ẹ bá rí ìbejì nínú álíbọ́ọ̀mù tí ilà kan là láàrin wọn, tàbí tí àga méjèèjì jọra jù, ẹ lọ wá nẹ́gátíìfù rẹ̀, ìyẹn fíìmù tí wọ́n ti ara rẹ̀ tẹ fọ́tò náà jáde, nínú agolo. Bó bá jẹ́ ọmọ kan ṣoṣo lẹ bá lára nẹ́gátíìfù, ẹ rọra bèèrè, torí ọ̀fọ̀ wà nínú fọ́tò yẹn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọnú àpótí. Gíláàsì, ìyẹn nẹ́gátíìfù tí wọ́n yà sórí gíláàsì dípò fíìmù, ni kí ẹ kọ́kọ́ dojú kọ. Ìwé ìròyìn tí wọ́n fi wé e ní ásíìdì, ó sì ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ kúrò. Kí ẹ tó jù ú nù, ẹ wo ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà gíláàsì náà: kò lè jẹ́ pé wọ́n wé e ṣáájú ọjọ́ yẹn. Ẹ tẹ́ táwẹ́ẹ̀lì sórí tábìlì, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì di etí gíláàsì mú, ẹ má fọwọ́ kan àárín rẹ̀. Ó ní ojú méjì. Ọ̀kan ń dán, ìyẹn gíláàsì gangan. Èkejì kò dán, ibẹ̀ ni àwòrán wà. Ojú tí kò dán yẹn, ẹ má fi aṣọ nù ún, ẹ má fi omi kàn án, ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ, nítorí itọ́. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tó gbẹ tó fún ojú tó ń dán. Lẹ́yìn náà ẹ fi bébà funfun wé ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ tò wọ́n ní òòró lórí ẹ̀gbẹ́ wọn tó gùn, bí a ṣe ń to àwo sínú agbọ̀n. Bí ẹ bá tò wọ́n léra, ìwúwo àwọn ti òkè ni yóò fọ́ ti ìsàlẹ̀.

Ẹ ṣí agolo sìgá níta, kì í ṣe nínú yàrá. Bí òórùn fínígà bá kọlù yín, nẹ́gátíìfù náà ti ń jẹra. Òórùn yẹn ń ran èyí tó sún mọ́ ọn, agolo tó dé pa sì ń mú kó burú sí i. Ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀, ẹ kó wọn sínú bébà, kí afẹ́fẹ́ lè ráyè, àwọn sì ni kí ẹ kọ́kọ́ yà sínú kọ̀ǹpútà torí àsìkò wọn kò pọ̀ mọ́. Èyí tí wọ́n kọ SAFETY sí létí, ìjẹrà ló ń bá a jà, kì í ṣe iná. Èyí tí kò ní àkọlé yẹn tó sì ti pẹ́, ẹ fura sí i. Kodak ṣe irú fíìmù kan tí wọ́n ń pè ní nitrate títí di 1951, iná sì ń gbá a mú bí ìgbà tí wọ́n da epo sí i. Bó bá ti ń lẹ̀ mọ́ ara wọn, tó ti di àwọ̀ ilẹ̀, tó ń rùn tó ń ta imú, ẹ gbé e kúrò nínú ilé tí èèyàn ń sùn, kó jìnnà sí ààrò àti jẹnẹrétọ̀, kí ẹ sì wá onímọ̀ kàn. Mo ti gbọ́ tí wọ́n ní kéèyàn ṣá iná sí ègé kan láti fi dán an wò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é.

Fọ́tò inú fírémù: bí ojú rẹ̀ bá ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì, ẹ fi í síbẹ̀. Ọ̀rinrin ọdún pípẹ́ ló rọ jẹ́látì náà tó fi lẹ̀, bí ẹ bá fà á, ojú ni yóò kù sára gíláàsì. Ẹ nu gíláàsì lóde, kí ẹ scan án bẹ́ẹ̀. Ní ti álíbọ́ọ̀mù, ẹ ya ojú ewé kọ̀ọ̀kan tẹ̀léra kí ẹ tó yọ ohunkóhun, nítorí ìtò rẹ̀ pàápàá ní ohun tó ń sọ: ẹni tí wọ́n fi ti ẹnì kan, ẹni tí wọ́n yọ kúrò.

Ibi ìpamọ́ ní Ìlẹ́ṣà kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Òjò wa pọ̀, ọyẹ́ wa sì gbẹ. Jẹ́látì á wú lákòókò yìí, á súnkì lákòókò yẹn, títí á fi ya. Ẹ má gbé e sábẹ́ àjà, torí ooru páànù. Ẹ má gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀, torí ikán àti àgbàrá. Yàrá àárín ilé, lórí pẹpẹ, kí ó má fara kan ògiri tí òjò ń pa lóde, ibẹ̀ ló dára jù. Aáyán máa ń jẹ jẹ́látì, nítorí náà kò gbọ́dọ̀ sí oúnjẹ ní yàrá yẹn. Káńfọ̀ tí àwọn ìyá wa ń fi sínú àpótí aṣọ, ẹ má fi í síbí. Èéfín rẹ̀ kò bá fíìmù àti ike rẹ́. Bébà tí wọ́n kọ acid-free (tí kò ní ásíìdì) sí lára pálí rẹ̀ wà lára A4 tí wọ́n ń tà lọ́jà, ẹ wá irú rẹ̀. Náílọ̀nù dúdú tàbí ike álíbọ́ọ̀mù tó ń rùn bí aṣọ òjò, ẹ má lò ó.

Ẹ̀rọ scanner lásán tó pọ̀ ní ọ́fíìsì lè ṣe fọ́tò tó wà lórí bébà. 600 dpi (iye àmì wíńwíń tí ẹ̀rọ ń kà nínú íńṣì kan) ni kí ẹ fi sí, kí ẹ gbé e dé 1200 fún fọ́tò tó kéré bíi ti páásípọ́ọ̀tù. Ẹ ṣe é ní aláwọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ dúdú àti funfun, nítorí bó ṣe pọ́n sí àti bó ṣe ṣá sí wà lára ìtàn rẹ̀. Ẹ ṣe ẹ̀yìn rẹ̀ náà. TIFF, irú fáìlì ńlá tí kì í dín ohunkóhun kù lára fọ́tò, ni kí ẹ fi pamọ́ gẹ́gẹ́ bí ìyá fáìlì, kí ẹ wá ti ara rẹ̀ yọ JPEG, èyí tó kéré, tí ẹ ó máa fi ránṣẹ́. Fún gíláàsì tí ẹ kò bá ní scanner tó ń tan iná lábẹ́, ẹ wá tablet tó ń tàn funfun gbòò, ẹ gbé gíláàsì sókè díẹ̀ kúrò lójú rẹ̀ lórí igi pẹlẹbẹ méjì, kí àwọn àmì wíńwíń ojú tablet má baà hàn, kí ẹ pa iná yàrá, kí ẹ wá ya á láti òkè gan-an, kámẹ́rà kó má dagun. Ohun tó dúdú yóò funfun, èyí tó funfun yóò dúdú. Inú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà lẹ ti ń yí i padà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ojú ẹni tó ti kú bá là síta látinú gíláàsì dúdú, gbogbo ilé ni yóò sáré wá wò ó.

Lẹ́yìn náà, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ibi kan. Ẹ̀dà mẹ́ta ni kó wà, lórí irú ohun èlò méjì, kí ọ̀kan sì wà níta ìlú. Ọmọ àbúrò bàbá yín ní Lọ́ńdọ̀nù ló wúlò jù fún èyí: ẹ fi hard disk kan ránṣẹ́ sí wọn. Fláàṣì kékeré tí ẹ fi ń gba orin kì í ṣe ibi ìpamọ́. WhatsApp pàápàá máa ń fún fọ́tò pọ̀ mọ́ra, ohun tó bá dé ọwọ́ ẹni tí ẹ fi ránṣẹ́ sí kì í ṣe ohun tí ẹ fi ránṣẹ́ mọ́, àfi tí ẹ bá fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi document. Orúkọ fáìlì náà, kó jẹ́ nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn fọ́tò, kí orúkọ àwọn èèyàn inú rẹ̀ àti ìtàn rẹ̀ sì wà nínú ìwé kan lọ́tọ̀ tí ẹ tẹ̀ jáde.

Ọ̀rọ̀ Facebook wá kù. Mo fara mọ́ ọn pé kí àwọn èèyàn rí i. Fọ́tò tí ẹnikẹ́ni kò rí kò yàtọ̀ sí èyí tí ikán jẹ. Ẹ má kó o síta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹ sì má gbé èyí tí kò lórúkọ jáde láìsọ pé orúkọ lẹ ń wá. Bí ẹ bá ní "ọba kan nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà", kí ilẹ̀ tó mọ́ ẹlòmíràn ti kọ ọ́ pé Ọ̀ọ̀ni ni, ẹnìkẹta á ní Aláàfin ni, irọ́ náà á sì rìn ju òótọ́ lọ. Èyí tó ń bí mi nínú jù ni àwọn tó ń fi AI kun fọ́tò àtijọ́ láwọ̀. Ẹ̀rọ yẹn kò mọ sányán yàtọ̀ sí ẹtù, ó ń fi àwọ̀ tó bá wù ú sí i. Bí ojú kò bá sì hàn dáadáa, ojú mìíràn ni yóò ṣẹ̀dá, tí ilà ojú á sì pòórá. Bí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí bá fẹ́ ṣe é fún ìgbádùn, kó kọ ọ́ sára rẹ̀, kí ojúlówó sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Àwọn kan wà tí kò yẹ kó jáde rárá kí ẹ tó gbàṣẹ. Fọ́tò òkú tí wọ́n tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì kì í wọ́n nínú irú àpótí yìí. Ọmọ olóògbé ló ni ọ̀rọ̀ yẹn. Fọ́tò inú igbó orò tàbí inú ilé ìmùlẹ̀, àwọn tó ni awo ni kí ẹ bi. Tí ẹ bá sì fẹ́ gbé díẹ̀ sórí Wikimedia Commons, ìkànnì àwòrán ọ̀fẹ́, kí gbogbo ayé lè lò ó, ẹ mọ̀ pé àṣẹ tí ẹ fún wọn níbẹ̀ kò ṣe é gbà padà, àní àwọn tó ń tajà lè lò ó.

Olórí ẹbí yín kò jìnnà sí òótọ́. Ilé ìkàwé Hezekiah Oluwasanmi ní Ifẹ̀ tàbí ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba tó wà nínú Yunifásítì Ìbàdàn, ẹ lè lọ bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹ má kàn gbé àpótí sílẹ̀ níbẹ̀ kí ẹ máa bọ̀ nílé. Ìwé àdéhùn ni kí ẹ gbà: ẹyọ mélòó ni, ṣé ẹ fi tọrẹ ni tàbí ẹ fi pamọ́, ta ló lè lò ó, ṣé ẹbí lè gba ẹ̀dà nígbà tó bá wù wọ́n. Ilé-iṣẹ́ kan wà tó gba fọ́tò lọ́wọ́ ìdílé kan tí mo mọ̀, nígbà tí wọ́n padà wá bèèrè, kò sí ẹni tó mọ ẹni tó gbà á. Ètò kan tún wà ní British Library ní Lọ́ńdọ̀nù tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2004, Endangered Archives Programme, tó ń fún àwọn olùwádìí lówó láti scan irú nǹkan báyìí, tí ojúlówó kì í sì í kúrò ní orílẹ̀-èdè tó ti wá. Ẹ bá olùkọ́ yunifásítì kan pawọ́ pọ̀ láti kọ̀wé sí wọn. Iṣẹ́ Olóyè Solomon Alonge, tó ń yà fọ́tò fún ààfin Ọba Benin, wà ní Smithsonian, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Washington, wọ́n ṣe àfihàn rẹ̀ níbẹ̀ ní 2014, kí wọ́n tó tún gbé e wá sí Benin fún àwọn ọmọ ìlú láti wò. Onífọ́tò ìlú ni bàbá náà, bíi ti bàbá yín.

Owó ńkọ́? Lábẹ́ òfin ilẹ̀ wa, ẹni tó ya fọ́tò ni wọ́n kà sí oníṣẹ́, nítorí náà ẹbí yín lè ní ọ̀rọ̀ láti sọ nípa rẹ̀. Èmi ò rí ohun tó burú nínú kí ẹ gba owó bébà, owó iná àti owó iṣẹ́ ọwọ́. Ẹni tó bá wá nítorí pé ìyá rẹ̀ ló wà nínú fọ́tò, ẹ̀dà àkọ́kọ́ yẹ kó jẹ́ ọ̀fẹ́, kí òun náà sì fi orúkọ àti ìtàn san án padà. Ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ fi sára kàlẹ́ńdà tàbí pósítà, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ lọ́yà kí ẹ tó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Fún gbogbo ẹlòmíràn tó bá gba ẹ̀dà, ẹ kọ ọ́ sínú rìsíìtì pé kí wọ́n gbé e kọ́ sára ògiri ilé nìkan ló wà fún.